Àna Lámìídì àti Táńkì Ẹ̀yìnkùlé

Nígbà tí Lámìídì ra ọmọ ẹja àrọ̀ tuntun wálé, Múnírá ìyàwó rẹ̀ pọn omi sí táńkì kan lẹ́yìnkùlé.

"Bàbá Ṣàkírá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dá wà níbí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ká lè mọ̀ bóyá wọ́n gbé àrùn wá. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run."

Lámìídì fárígá. "Kí àlejò mi máa sùn lẹ́yìnkùlé? Láéláé!" Ó da àwọn tuntun sáàárín àwọn ti àtijọ́ nínú adágún, ó tún ń kí wọn káàbọ̀. Ẹ gbọ́ ná, ẹja o!

Kò pẹ́ tí egbò fi yọ lára àwọn àlejò, ó sì ran àwọn onílé. Kí dókítà ẹran tó dé, púpọ̀ nínú wọn ti léfòó. Dókítà ní, "Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ yà á sọ́tọ̀." Lámìídì gbà. Ó tilẹ̀ gbà á jù.

Lọ́jọ́ tí ìyá Múnírá wá kí wọn, Lámìídì sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. A ti fọ táńkì yín. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, a ó sì máa gbé oúnjẹ wá bá yín níbẹ̀."

Ìyá na ọrùn wo táńkì lẹ́yìnkùlé lọ́ọ̀ọ́kán, ó wo àna rẹ̀ nílẹ̀.

"Múnírá, lóòótọ́ ni gbogbo alángbá danú délẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó danú délẹ̀ níwájú mi yìí, inú kọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Orí ni."