Agbára Omi Eérú

Ọṣẹ dúdú tí Mopélọ́lá àti ìyá ọkọ rẹ̀ sè kẹ́yìn bó ọmọ tuntun kan lára, nítorí agbára omi eérú tí wọ́n fi sè é pọ̀ jù. Bí òmíràn bá tún bó ọmọ, kò sí abiyamọ tí yóò ra ọṣẹ wọn mọ́.

Ìyá ti ìka bọ omi eérú tuntun, ó lá a. "Ó ti tó sè."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ṣé ahọ́n tó jẹ ata láàárọ̀ yìí lè mọ̀ ọ́n?"

"Ahọ́n mi ti ń lá eérú kí wọ́n tó bí ẹ."

Mopélọ́lá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dáná. Ó bu ife kan nínú omi eérú àtijọ́ tí ọṣẹ rẹ̀ kò bó ẹnikẹ́ni, ó bu ife kan nínú tuntun. Ó ta omi ìṣápá pupa, tí eérú máa ń pa láwọ̀ dà, sí méjèèjì, àwọ̀ wọn di ti ewé. Ó wá ń kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí wọn díẹ̀díẹ̀, ó ń pò ó, nítorí ọsàn kíkan a máa pa agbára eérú; bí agbára náà bá tán, omi ìṣápá a tún pọ́n. Ti àtijọ́ gba ṣíbí mẹ́rin, ó pọ́n. Ti tuntun gba mẹ́rin, kò yí padà.

"Da gbogbo omi ọsàn náà sí i, ká ráyè," ni Ìyá wí.

"Bí mo bá dà á, a ò ní mọ ibi tó ti yí. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀, Ìyá mi."

Ó ń kán an lọ, ó ń gbàdúrà nínú. Nígbà tí ṣíbí kẹjọ ń tán lọ, ẹ̀kán kan ṣoṣo bọ́ sínú ife, gbogbo rẹ̀ pọ́n.

Ìyá wo ife méjèèjì títí. "Agbára tuntun wá jẹ́ ìlọ́po méjì ti àtijọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Omi tó pọ̀ tó o ni ká bù sí i, kí agbára rẹ̀ dín kù sí ìdajì."

Ìyá fúnra rẹ̀ gbé ìkòkò omi, ó ń dà á sí i. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ahọ́n mi bó ọmọ ọlọ́mọ lára mọ́."