Fìlà Kan, Arákùnrin Méjì

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí òkè ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn, àwọn ará Frígíà ń gbé lókè òkun. Lédè tiwọn, ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò rà ni ìtumọ̀ Frígíà. Ṣùgbọ́n ọ̀tá kó wọn lẹ́rú títí orúkọ náà fi di "ẹrú" lẹ́nu àwọn tó ń rà wọ́n. Ayé kò ní í sọ wá ní orúkọ tí a kò jẹ́.

Mánẹ́sì àti àbúrò rẹ̀, Átásì, wà lára àwọn tí wọ́n kó. Ìjòyè kan ni wọ́n ń fọ́ òkúta fún. Lọ́jọ́ tí ìyàwó ìjòyè bí àrẹ̀mọ, inú ìjòyè dùn, ó ju fìlà pupa kan sí wọn, irú èyí tí ẹrú máa ń dé bí ó bá di ẹni òmìnira.

"Ẹ pín in," ó wí.

Àṣà Frígíà sì ni pé àbúrò ní í pín, ẹ̀gbọ́n ní í kọ́kọ́ mú. Átásì gbé fìlà sápá kan, ó gbé òòlù ìfọ́kùúta sápá kejì. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun yóò mú òòlù. Fìlà ni Mánẹ́sì mú.

"Màá padà wá mú ọ."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má pẹ́ o."

Mánẹ́sì di akọni. Òun ni ìjì tí ń da ojú ọkọ̀ ọ̀tá dé, òun ni ọkùnrin tí ń fi èjìká ṣí ìlẹ̀kùn ọgbà ẹrú. Ó tú ìlú mẹ́tàdínlógún sílẹ̀, ó dé fìlà pupa fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pàṣẹ pé ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ti padà sóko ẹrú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá dé ọ̀kan lórí ẹnìkan ni yóò gbọ́ ohùn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀: "Tèmi ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?" Ìtìjú kò jẹ́ kí ó lọ síbi òkúta náà. Ó ń fi tòní dọ̀la. Àṣegbé kò sí, àṣepamọ́ ló wà.

Ọdún kẹwàá ló tó débẹ̀ pẹ̀lú ogun rẹ̀. Ìyá arúgbó tó ń pọnmi fún àwọn ẹrú ló dá a lóhùn nígbà tó béèrè àbúrò rẹ̀.

"Átásì? Ọdún kẹta rèé tó ti kú. Kó tó kú, ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló máa ń fọwọ́ kan orí, á ní ẹ̀gbọ́n òun ń gbé fìlà òun bọ̀."

Mánẹ́sì sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó dákẹ́, ó kọjú sí àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ bá mi jà, ẹ máa lọ sílé yín. Fìlà tí mo dé láti ọjọ́ yìí wá, kì í ṣe tèmi."

Ó bọ́ ọ, ó fi lé ibojì Átásì, ó sì gbé òòlù. Títí ó fi kú, ìlẹ̀kùn ló ń gbẹ́ sára òkè náà, ìlẹ̀kùn tí kò ní yàrá lẹ́yìn.

Ìlẹ̀kùn náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní bí ènìyàn bá pe Átásì lẹ́nu ìlẹ̀kùn náà, òòlù ni yóò dáhùn. Bí wọ́n bá sì ń pín nǹkan ní Frígíà, ẹ̀gbọ́n kì í kọ́kọ́ mú mọ́.