Ère Tí Ọnàwùmí Rán Lọ Sóko

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi sọdá odò, ó la igbó kọjá, ó wá balẹ̀ sórí Ọnàwùmí agbẹ́gilére.

Ní ayé àtijọ́, ọwọ́ Ọnàwùmí mọ ère gbẹ́ débi pé ère rẹ̀ ń rìn, ó sì ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ òfin kan wà nílùú wọn. Agbẹ́gilére kò gbọdọ̀ la ojú ère títí àwọn àgbà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọn yóò sì bi í léèrè bí yóò ṣe dá a dúró.

Ní ọdún kan, koríko bo oko iṣu Ọnàwùmí. Ó gbẹ́ ère gìrìwò kan. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ní kó gbé e lọ han àwọn àgbà. Ọnàwùmí rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Èmi tí mo gbẹ́ ẹ, ta ni yóò kọ́ mi bí n ó ṣe darí rẹ̀?"

Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Ó fi ọ̀bẹ la ojú ère, ère sì dìde.

Ó rán an lọ sóko, ó sọ fún un pé, "Ohun tí kì í bá ṣe iṣu, fà á tu."

Ní ọjọ́ kìíní, ère fa koríko tu. Inú Ọnàwùmí dùn. Ní ọjọ́ kejì, ère wọ oko aládùúgbò, ó fa àgbàdo tu. Ọnàwùmí ní kó dúró, kò dúró. Ní ọjọ́ kẹta, ère wọ ìlú. Ó fa ọgbà tu, ó fa òpó ilé tu, ó wá kọjú sí Àríkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọnàwùmí bí. Bó ti ń lọ ló ń kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Baba, ẹ ní kí n fà á tu,
— Kẹ́rẹ́ja kẹ́!
Èyí kì í ṣe iṣu, n ó fà á tu,
— Kẹ́rẹ́ja kẹ́!
Ojú tí ẹ là fún mi ni mo fi rí i,
— Kẹ́rẹ́ja kẹ́!

Ẹ̀rù ba Ọnàwùmí gidigidi. Ó bẹ ère, ó bẹ̀ ẹ́ títí.

Ère ní, "Baba, iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni mò ń jẹ́."

Kò bínú, kò sì dúró. Ọnàwùmí bọ́ sáàárín ère àti ọmọ rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ fọ́ ojú ère kan. Ère di apá ọ̀tún rẹ̀ mú. Apá kì í ṣe iṣu. Kí Ọnàwùmí tó fi ọwọ́ òsì fọ́ ojú kejì, ère ti fa apá náà tu.

Ère ṣubú. Àríkẹ́ yè. Àwẹ̀ró tọ́jú ọgbẹ́ ọkọ rẹ̀ títí ó fi jinná.

Nígbà tó yá, Àríkẹ́ gbé igi kékeré kan wá, ó ní kí baba òun gbẹ́ ọmọláńgidi fún òun. Ọnàwùmí gbà á, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì dá a padà fún un.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ká tó la ojú ohun tó lágbára jù wá lọ, ká ti mọ bí a ó ṣe dá a dúró, ká sì jẹ́ kí ará ìlú bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tí ààlọ́ mi rìn dé nìyí. Ó ti jókòó, èmi náà jókòó.