Ìyá Àgbà Tí Ó Gbé Àgbo Wọ Wọ́ọ̀dù

Ìyá àgbà kan wà tí gbogbo àdúgbò gbà fún nídìí ká rọ ọmọ lágbo. Ọmọ tó bá kọ̀ tí kò mu àgbo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n ń gbé e wá. Yóò tẹ́ ẹ sí itan, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe àwo sí i lẹ́nu, yóò da àgbo sí i. Bí ọmọ fẹ́, bí ó kọ̀, yóò gbé e mì kí ó tó ráyè mí. Bí ó ti tọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ náà nìyẹn, ta ni yóò wá bá a jiyàn?

Nígbà tó yá, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọwọ́ tí kò tíì lè jókòó, kó ọ̀fìnkìn lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀fìnkìn náà sọ̀ kalẹ̀ sí àyà. Èémí ọmọ ń sáré, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, awọ ara ń wọnú láàárín egungun ìhà rẹ̀, kò sì lè mu ọmú mọ́. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì dá a dúró sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní fáírọ́ọ̀sì ló kó sí àwọn ọ̀nà èémí tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀fóró, pé kò sí abẹ́rẹ́ tó ń pa irú rẹ̀. Wọn yóò máa fún un ní ọ́síjìn, wọn yóò máa fa ikun kúrò ní imú rẹ̀, wọn yóò sì máa fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kán omi ọmú ìyá rẹ̀ sí i níkùn díẹ̀díẹ̀. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò lé àìsàn náà jáde.

Inú bí ìyá àgbà. “Ẹ ní kí ọmọ ìkókó lọ bá àìsàn jà, kí àwa máa wòran? Kí wá ni iṣẹ́ yín?”

“Iṣẹ́ tiwa ni kó má baà rẹ̀ ẹ́ kó tó borí, Màmá,” ni dókítà wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu.”

Ó gbọ́, kò gbà. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìgò àgbo pamọ́ sábẹ́ ìborùn wọlé. Bí ìyá ọmọ ti lọ wẹ̀ báyìí, ó gbé ọmọ lé itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe àwo bí ó ti máa ń ṣe.

Ẹ̀kún ọwọ́ kan péré ni. Ọmọ náà kò ké. Ètè rẹ̀ ṣú, àyà tó ti ń fò sókè sódò láti àná sì dúró. Ìyá àgbà figbe ta. Nọ́ọ̀sì ló sáré dé, ó já ọmọ gbà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fa àgbo jáde lọ́fun rẹ̀, títí ó fi húkọ́ tí ó sì gba èémí.

Nọ́ọ̀sì fa ọwọ́ ìyá àgbà tó ṣì tutù fún àgbo, ó gbé e lé àyà ọmọ.

“Ẹ wo iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, Màmá. Ẹ tún wá ní kó dúró ná, kó gbé àgbo mì.”

Gbogbo ọmọ tí ìyá àgbà ti rọ láyé rẹ̀, kò fọwọ́ lé àyà ọ̀kankan rí láti mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀. Àyà yìí kò ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ó ń gbéra, ó ń gbéra, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tí wọ́n dì mú láti òde. Kò sinmi, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù Ọlọ́run ba ìyá àgbà. Ta ló kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́ yìí?

Láti ọjọ́ náà ó jókòó tì í, ó ń nu imú rẹ̀, ó sì ń gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, àyà náà rọlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọmọ yán, ó yíjú, ó ń wá ọmú. Ìyá àgbà bú sẹ́kún.

Akínlabí, ìyá àgbà yìí ni mo rántí lánàá nígbà tí mo bá ọ nílé àbúrò rẹ. Ilẹ̀ tí wọ́n fi bo ìyàwó rẹ̀ kò tíì gbẹ, o ti ń lé e pé kó jẹun, kó fá irùngbọ̀n, kó padà síbi iṣẹ́, o tún ti dárúkọ obìnrin kan fún un. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ló wà nínú ìgò ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ ń ṣe iṣẹ́ kan nínú àyà rẹ̀ tí ìwọ àti èmi kò lè bá a ṣe, Ẹni tó dá a ló sì fi agbára rẹ̀ sí i. Bá a mú àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Pọn omi sílẹ̀ fún un. Jókòó tì í, kó lè ráyè mí. Bí o bá ń lọ lọ́la, fi ìgò rẹ sílẹ̀ nílé.