Ilẹ̀kùn Tí Òjé Ń Wá

Nígbà láéláé, èésan, èèpo líle tó ń bo ẹkùrọ́, ń dán gbinrin, kò sì sí ihò kankan lára rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Òjé, irin rírọ̀ kan, wá ṣe àlejò nínú odò. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó wúwo, ẹni tó bá sì mu omi tó fi ń wẹ̀, òun náà á wúwo. Pẹ́pẹ́yẹ ò lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́, ìsàlẹ̀ odò ló ń fẹsẹ̀ rìn. Ewúrẹ́ ò lè dá ìrù ara rẹ̀ gbé, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń bá a rù ú.

Ti Kọ̀ǹkọ̀ ló wá burú jù. Àwọn ọmọ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀, wọn ò lè gòkè wá mí. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were, ló bá tọ Òjé lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé yín."

"Ó yá mi lára," ni Òjé wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ẹ̀kọ́ ilé, ẹnu ọ̀nà ló ń gbà jáde. Ilẹ̀kùn odò yìí dà?"

Ni gbogbo wọn bá ń wá ilẹ̀kùn omi. Akàn ní òun ti dì í mú, àṣé ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ni.

Kọ̀ǹkọ̀ ní bí omi ò bá ní ilẹ̀kùn, òun á gbé ọ̀kan wọ inú rẹ̀. Igi á jẹrà, Èésan nìkan ló le tó. Ó lọ bẹ̀ ẹ́.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọ́ mi, tí wọ́n mú ọmọ inú mi lọ," ni Èésan wí, "mo ti búra pé n ò ní ṣílẹ̀kùn fẹ́nikẹ́ni mọ́."

"Mo gbọ́," ni Kọ̀ǹkọ̀ wí. "Àwọn tèmi ṣì wà nínú ẹrẹ̀. Wọn ò tíì kú."

Àánú ṣe Èésan. Ó dìde, ó bọ́ sínú iná alágbẹ̀dẹ. Iná lu ihò kéékèèké tí kò lóǹkà sí i lára, ihò kọ̀ọ̀kan di ilẹ̀kùn, ó sì dúdú kirikiri. Kọ̀ǹkọ̀ gbé e sódò.

Òjé dúpẹ́, ó kan ilẹ̀kùn kan, ó wọlé. Ilẹ̀kùn mìíràn ló tún bá níbẹ̀. Ó kan ìyẹn náà, ó kọjá. Wọ́n ní ó ṣì ń kanlẹ̀kùn lọ.

Àwọn ọmọ Kọ̀ǹkọ̀ léfòó, wọ́n mí, ìyá wọn sì sunkún ayọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni èédú èésan ti dúdú, tí ihò tí ojú ò rí kún ara rẹ̀. Bí a bá fi sẹ́ omi, á gbá òjé mọ́ra, kì í sì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tún gba ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ.