Ọdẹ́gbàmí àti Igbó Àtíòro

Ní ọdún tí òjò kọ̀yìn sí ìlú Ìgbóyè, iṣu jóná sínú ebè, àgbàdo kò yọmọ, ebi sì ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Balógun Akíndùró, ọkùnrin tí kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó mú àáké, pàṣẹ pé kí wọ́n gé igbó ńlá ẹ̀yìn ìlú, kí wọ́n fi ilẹ̀ tútù ibẹ̀ dáko. Ogún ọkùnrin pọ́n àáké.

Ọdẹ́gbàmí ọdẹ, arìngbó-má-ta-ewé-jí, ti ṣáájú wọn débẹ̀ ní kùtùkùtù. Ìrì ń kán. Ìkùukùu sùn sáàárín àwọn igi ọ̀gànwó tí baba ńlá ẹnikẹ́ni kò bá ní kékeré, edun sì ń rọra kọjá lókè bí ẹni ń rìn lójú àlá. Akọ ẹyẹ àtíòro kan bà sí ẹnu ihò igi tí òun àti abo rẹ̀ fi amọ̀ dí, ó ń fún ìyàwó rẹ̀ tó wà nínú ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ní èso jẹ. Ṣóńṣó ẹnu abo nìkan ló yọ síta. Ọdẹ́gbàmí gbàgbé ọrun ọwọ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yọ́ pátápátá.

Bí àwọn alááké ti dé, ó kọjú sí igi náà, ó kígbe pé, “Ẹ kú ewu ọmọ o!”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá ilé ìkómọ kiri inú igbó.

“Ta ló bímọ níbí?” ni Balógun bi í.

“Bàbá, ẹ wòkè. Igi kékeré kì í ní ihò tó gba abiyamọ. Bí a bá gé èyí lónìí, àwa kọ́ la ó tún rí irú rẹ̀. Ta ni yóò wó ilé lé ọlọ́mọ lórí?”

“Ebi ń pa àwọn ọlọ́mọ tiwa náà, Ọdẹ́gbàmí.”

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún wọra, nítorí òótọ́ ni. Àkùrọ̀ etí odò tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ oko tí kò tíì gbẹ ní gbogbo ìlú, òun nìkan náà sì ni ogún rẹ̀.

“Ẹ gba àkùrọ̀ mi, ẹ pín in láàárín ara yín. Ẹ sáà fi igbó sílẹ̀.”

“Kí ni àwọn ọmọ rẹ yóò máa jẹ?”

Ọdẹ́gbàmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ewé tútù. Ó pẹ́ kí Balógun tó fà á dìde, ó sì ní kí wọ́n kó àáké wálé.

Àkùrọ̀ náà gba ìlú là, igbó náà sì wà níbẹ̀ dòní. Ìdílé Ọdẹ́gbàmí kò ní oko. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni tó fi iṣu tuntun kan ẹnu, ilé kọ̀ọ̀kan a gbé iṣu kan lọ sí ẹnu ọ̀nà wọn. Èyí àkọ́kọ́, Balógun fúnra rẹ̀ ló rù ú, lórí tí kò ru ẹrù rí.