Bí Ọ̀gá Àgbà Ṣe Gba Inú Àbàtà Joyè

Láti ìgbà tí èsì ìdánwò JAMB ẹ̀ẹ̀kẹta ti jáde, tí Mosúnmọ́lá kò sì tún yege láti wọ yunifásítì, ni inú ti ń bí i. Kì í ṣe ìdánwò náà ló ń bí i nínú, bàbá rẹ̀ ni. Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ ti jẹ ọ̀gá àgbà ilé ìwé ní ìlú Ìmọ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti na ọmọ ọlọ́mọ débi pé tìfuratìfura ni àwọn baba ọlọ́mọ gan-an fi ń kí i.

Ọ̀nà méjì mìíràn ló ṣí sílẹ̀ fún Mosúnmọ́lá. Èkíní ni ètò ìpìlẹ̀ ọlọ́dún kan ní yunifásítì. Ẹni tó bá yege nígbẹ̀yìn á bọ́ sí ọdún kejì tààrà. Ẹni tí kò bá yege á gbé ọwọ́ òfo wálé. Èkejì ni póòlì, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ, níbi tí ìwé ẹ̀rí á ti wà lọ́wọ́ ọmọ kó tó tún lọ kan ilẹ̀kùn yunifásítì. Iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ni Mosúnmọ́lá fẹ́ kọ́, póòlì sì ti fún un láyè. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ fojú rí ìwé ẹ̀rí ilé ìwé girama rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì máa kásẹ̀ ètò nílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ti ìwé náà mọ́ inú àpótí.

"Póòlì kẹ̀? Kí n wá dìde láàárín ìjọ, kí n ní póòlì lọmọ mi ń lọ?"

"Ṣé ìjọ ló fẹ́ kàwé ni, Bàbá? Ẹ jẹ́ n lọ ṣe ètò ìpìlẹ̀ nígbà náà."

"Ìpìlẹ̀ wo? Ilé lo fẹ́ kọ́ ni? JAMB lọ̀nà! Wàá tún un ṣe. Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo ìyókù, olè ló sì ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé!"

Àwo tí Mosúnmọ́lá ń fọ̀ lọ́wọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi bàbá rẹ̀ joyè Ọ̀tún Ọjà. Àṣà Ìmọ̀rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ joyè ọjà á fẹsẹ̀ rìn láti agbo ilé baba rẹ̀, á sì gba ọ̀nà àdúgbò rẹ̀ wọjà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹlòmíràn, oyè bọ́ nìyẹn. Ọ̀gá àgbà ti gbé etí títì pẹ́ débi tó fi gbàgbé ibi tí wọ́n bí i sí. Ó wọ agbádá funfun, ó wọ bàtà funfun, ó kọjú sí títì.

Ẹ̀sà, àgbà ìjòyè tó ń darí ètò náà, na ọ̀pá dí i lọ́nà.

"Tíṣà, ibo lò ń lọ?"

"Ọjà ni, bàbá."

"Àwọn ará Òkè-Ọlà ló ń gba ibí. Inú àbàtà ni baba tìrẹ ń gbà."

"Ìjọba ló da ọ̀dà sí títì yìí! Ti gbogbo wa ni!"

"Kí ìjọba fi ọ́ joyè nígbà náà."

Inú bí ọ̀gá àgbà títí etí rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n oyè dùn. Ó ká agbádá sókè, ó wọnú àbàtà. Ẹrẹ̀ gbé bàtà ọ̀tún mì. Ewé kókò ń gbá a létí bí ẹni ń gbẹ̀san gbogbo ọmọ tó ti nà. Mosúnmọ́lá ń tẹ̀ lé e, kò rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe yọ sọ́jà ni ariwo sọ: "Oyè á mọ́rí o!" Wọ́n fi ewé akòko sí i lórí, wọ́n mú un jókòó. Ẹni tó gba títì wá láti Òkè-Ọlà, tó ń joyè Òsì, ni wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀. Wọ́n rò pé ó fẹ́ kí bàbá rẹ̀ kú oríire ni.

"Bàbá, ẹni tó gba títì ló jókòó sísàlẹ̀ yín yẹn. Ṣé olè lẹ̀yin tẹ́ ẹ gba inú àbàtà ni, àbí ẹ ti wọjà?"

Ẹ̀sà wolẹ̀, ẹ̀rín ń mì í léjìká. Ọ̀gá àgbà fi agbádá bo ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó máa fọhùn, igbe ló fi ta:

"Lọ mú ìwé rẹ! Kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sínú àbàtà ọ̀hún! Fi àáké la àpótí!"

Mosúnmọ́lá la àpótí. Nígbà tó mú ìwé tán, ó tún la ìdérí àpótí náà sí wẹ́wẹ́, inú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó dé póòlì kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Póòlì náà ló sì gbà dé yunifásítì.

Ohun tó mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe nìyí pé: ọ̀nà kan ò wọ ọjà.